Àwọn Òfin Tí N Kò Kà Sí Wọn Létí

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Karùn-ún, 1951

Ọ̀gá Àjàlá gbé ìwé àdúrà òwúrọ̀ lé mi lọ́wọ́ lónìí. Láti ọ̀la lọ, èmi ni n ó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá lu agogo, n ó sì máa fi àmì sí iwájú orúkọ ẹni tó bá wọlé. Ilé mẹ́tàlélógún ló wà ní Ìtẹ́dó. Ẹni tí kò bá wá nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn nínú kíláàsì àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, torí ojú mi kì í tètè dá ènìyàn mọ̀. Ọ̀gá ní ìdí tí òun fi yàn mí nìyẹn, kí ojú mi lè kọ́ ọ.

Ó tún bi mí bóyá mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ orúkọ mi. Ó ní Olútóyè kò jìnnà sí Ògúntóyè, pé kò dára kí ènìyàn gbé orúkọ òrìṣà wọ Ìtẹ́dó Ìwà-Mímọ́ kó sì tún gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Mo ní n ó kọ̀wé sí bàbá mi nílé. N kò tíì kọ ọ́.

Òjò láti ọ̀sán.

Ọjọ́bọ̀, 17

Gààrí ti wọ́n ní Ọ̀tà. Agolo mẹ́ta ni sísì ń rà báyìí, mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀. Mo gba máàkì méjìlélógójì nínú Ìṣirò. Ọmọ́lẹ́yẹ tí a jọ ń gbé yàrá gba mọ́kànlélọ́gọ́rin, n kò sì rí i kó ṣí ìwé.

Àbámẹ́ta, 19

Ìyá Àpọ́nlé gbé epo wá sí ilé ìdáná wa. Òun ló ń fọ epo pupa fún gbogbo Ìtẹ́dó. Opó ni, ará Ọ̀tà, Mùsùlùmí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé kékeré tó wà níbí, torí ilé ìwé yẹn ló ṣe wá kọ́lé síbí. Bó ṣe rí mi tí mo gbé ìwé àdúrà sí abíyá, ó ní, "Tíṣà ọ̀la, ìwé yìí á tẹ̀ ọ́ lọ́rùn kí o tó di tíṣà òní."

Nínú gbogbo ìwé náà, ìlà tirẹ̀ nìkan ni kò ní àlàfo. Àwọn alàgbà ìjọ pàápàá a máa pa á jẹ. Mo bi í ohun tó ń mú kí òun tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì máa wá lójoojúmọ́. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè ọmọdé ni mo bi.

"Ìwọ lo kà á fún mi pé ẹni tó bá ń gbé ibí yóò máa wá lówùúrọ̀. Mo gbọ́, mo sì tẹ̀ka. Kí ni wọ́n tún ń pè ní ìlérí?"

Mo ní Ọlọ́run á bù kún un. Lẹ́yìn tó lọ tán ni mo rò ó pé n kò bi í ibi tó ti ń kírun tirẹ̀. Bóyá n kò fẹ́ mọ̀ ni.

Àìkú, 27

Bàbá Fọláwẹwọ́ fúnra wọn ló wàásù. Wọ́n dé láti Èkó lánàá, ẹrẹ̀ bo lọ́rì gẹdú wọn dé fèrèsé. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ ẹbí kan ní Ọ̀tà, nígbà tó ṣì jẹ́ igbó láti ibi kànga dé ojú ọ̀nà Ìdíròkò, àti bí wọ́n ṣe fi èrè igi gẹdú kọ́ ilé, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn kékeré síbẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá wá ìgò ọtí kan ṣoṣo ní Ìtẹ́dó, tó bá rí i, kó gbé e wá bá àwọn. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà kò ní kọ́kọ́rọ́: ẹni tó wù ló wá, ẹni tó wù ni yóò lọ.

Inú mi tutù bí mo ṣe ń gbọ́. Bàbá ló ń san owó ilé ìwé mi àti ti àwọn mẹ́fà mìíràn. Ní Àtàn, Abúlé Agogo ni wọ́n ń pè wá, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá pè é. N kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mi ò tíì sùn dáadáa níbòmíràn bí mo ṣe ń sùn níbí.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹfà

Wọ́n rí oṣù lánàá. Àwọn Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Lọ́rì kan rì sí kòtò ojú ọ̀nà, gbogbo kíláàsì lọ tì í. Ṣòkòtò mi kan tó dára ti bàjẹ́.

Àìkú, 10

Lọ́sàn-án Ẹtì, ìyàwó Ọ̀gá Àjàlá lọ ra epo, ó bá Ìyá Àpọ́nlé lórí ẹní lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó ń kírun. Kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́ra. Lónìí lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà ṣe ìpàdé tí kò pẹ́, Ọ̀gá Àjàlá sì kọ lẹ́tà pé ó ti rú òfin kẹsàn-án, kó kó kúrò ní Ìtẹ́dó kí oṣù yìí tó parí. Wọ́n ní kí èmi lọ kà á fún un.

Mo kà á. Ó ń ṣa ẹyìn lọ́wọ́, kò sì dúró títí mo fi parí. Ó wá nu ọwọ́.

"Èwo ló ń jẹ́ òfin kẹsàn-án?"

Mo ní ó wà nínú ìwé tó tẹ̀ka sí.

Ó ní kò sí níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lórí ìka: kí á máa wá sí àdúrà òwúrọ̀, kí á má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí á má ta ọtí tàbí mu ún, kí ọkùnrin má ní ju aya kan lọ, ó ní ìyẹn kò kan òun, kí á má bọ òrìṣà, kí á máa gbá ojúde ẹni. Ìka mẹ́fà ló kà, ó sì nà wọ́n sí mi.

"Mẹ́fà lo kà fún mi, Tíṣà. O ní ìyókù dà bí ti ìṣáájú. Èwo nínú mẹ́fà yìí ni mo rú?"

Àpọ́nlé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orin rẹ̀, ó ń wo ẹnu ìyá rẹ̀. Mo ní n ó lọ yẹ ìwé náà wò.

Mẹ́fà ni mo kà fún un lóòótọ́.

Ajé, 11

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí, torí kò tíì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ní oṣù Kìíní, nígbà tí mo lo ọ̀sẹ̀ méjì péré níbí, Ọ̀gá Àjàlá kó ìwé òfin tuntun fún mi pé kí n lọ kà á ní Yorùbá fún àwọn tí kò mọ̀wé, kí wọ́n tẹ̀ka, kí n sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí òfin ìjọba ní kó wà níbẹ̀: èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ni mo kà á tán pátápátá, mo túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé ẹni tó tẹ̀ka. Òfin mẹ́fà àkọ́kọ́ kúrú, wọ́n sì yé mi. Láti orí ìkeje dé ìkọkànlá, gbólóhùn kan ń gba ìlà márùn-ún, n kò rí orí rẹ̀, n kò rí ìdí.

Mo lè padà lọ béèrè. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ṣáájú ni Ọ̀gá ní kí n dìde ka ìwé òyìnbó ní kíláàsì, nígbà tí mo sì parí, ó bi àwọn yòókù bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Mo rò pé bí mo bá tún lọ sọ pé n kò lóye, wọn yóò ní kí n di ẹrù mi. Nítorí náà, ní ojúde kọ̀ọ̀kan, mo ka mẹ́fà, mo ní ìyókù dà bí ti ìṣáájú, mo ní kí wọ́n tẹ̀ka. Ìwé mọ́kàndínlógún ni mo fọwọ́ sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Lónìí mo yá ìwé atúmọ̀-èdè, mo jókòó tì í láti aago mẹ́ta títí di mẹ́fà. Òfin kẹsàn-án ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe ìsìn mìíràn yàtọ̀ sí ti Ìtẹ́dó láàárín ààlà ilẹ̀ yìí, ìbáà ṣe ní gbangba, ìbáà ṣe nínú yàrá ara rẹ̀.

Kò dà bí ti ìṣáájú rárá.

Ọjọ́rú, 13

Mo sọ ọ́ fún Ọmọ́lẹ́yẹ. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó tún wo ojú mi, ó dákẹ́. Ó ní kí n pa ẹnu mọ́, pé ìka ni ìka, ìwé ni ìwé, pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i obìnrin náà á ti padà sí Ọ̀tà, ibi tí wọ́n bí i sí.

Mo bi í bóyá ó rò pé ẹnì kan lè ní ìlú, kó sì sọ bí àwọn tó wà níbẹ̀ yóò ṣe máa gbàdúrà nínú yàrá wọn. Ó ní bí bàbá mi bá ní ilé, tí kò fẹ́ ajá, ṣé n ó mú ajá wọlé? Mo ní ilé kọ́ ni ìlú. Àlejò tó wà nílé bàbá mi ní ilé tirẹ̀ tí yóò padà sí, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n ti ń bímọ, ibí ni wọn yóò sin wọ́n sí. Ó ní kí èmi náà lọ ra igbó, kí n dá tèmi sílẹ̀, kí n gba ajá àti ewúrẹ́ síbẹ̀.

Ìgbà tó ti sùn ni mo rántí abúlé wa lẹ́bàá Adó-Odò. Bí wọ́n bá ní Orò ń bọ̀, kí obìnrin má jáde, ìyá mi tó ti di Kírísítẹ́nì láti ọdún mẹ́wàá á tilẹ̀kùn jókòó sínú ooru. Kò tẹ̀ka sí ìwé kankan. Kò sí ẹni tó bi í. Kò sì sí ẹnì kan tó ni abúlé náà. N kò mọ èyí tó sàn, òfin tí gbogbo ènìyàn ni ín tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́, tàbí òfin tí ẹnì kan kọ tó sì ní kí o kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ti Bàbá bá sàn jù, torí pé ó ní kí o gbọ́ ni. Èmi ni kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Àbámẹ́ta, 16

Láwàlì, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àpọ́nlé tó ń ránṣọ ní Ọ̀tà, gun kẹ̀kẹ́ wá. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ìbílẹ̀, ó mú ìwé ìpè wá fún Bàbá. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kí wa dáadáa, kò mu omi rárá, ó ní òun ń gbààwẹ̀, ó tún bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ló fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni Tíṣà tó mọ mẹ́fà kà?"

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni ẹjọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí Ìtẹ́dó.

Ìṣẹ́gun, 19

Òjò. N kò jẹun.

Ọjọ́rú, 20

Bàbá ránṣẹ́ pè mí sí pálọ̀ wọn. N kò dé ibẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n jókòó sórí àga tìmùtìmù, mo jókòó sí etí rẹ̀.

Wọ́n sọ ìtàn kan fún mi tí wọn kì í sọ lórí àga ìwàásù. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ìyá wọn di Kírísítẹ́nì ní ìlú kan tí wọn kò dárúkọ. Àwọn ará ìlú ju òkúta sórí òrùlé wọn fún oṣù kan, wọ́n ní kó má pọnmi nínú odò ìlú mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ìyá wọn ru ẹrù, Bàbá fúnra wọn ru ìkòkò òfìfo. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pinnu pé bí Ọlọ́run bá fún wọn lówó, wọn yóò ní ìlú kan tí kò sẹ́ni tó lè lé Kírísítẹ́nì jáde nínú rẹ̀.

Bàbá kò dà bí ẹni tó rí i pé nǹkan kan wà nínú ìtàn náà tó tún kan ẹlòmíràn.

Wọ́n wá ní, "Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà ń sọ ti dé etí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ṣé o ka gbogbo ìwé náà fún un?"

Mo ní, "Mo kà á, sà."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi ní bisikíìtì. Mo jẹ ẹ́.

Àìkú, 24

Ìyá Àpọ́nlé wá sí ìsìn. Ó ń wá sí àdúrà òwúrọ̀ náà lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ àfi Àpọ́nlé, tó ń kọrin ju gbogbo wa lọ. Mo fi àmì sí iwájú orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 27

A ti Ọ̀tà dé. N ó gbìyànjú láti tò ó.

Kóòtù kún. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó. Ọ̀kan nínú wọn ń gbààwẹ̀, ó gbé agolo kan sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tutọ́ sí. Wọ́n gbé àga fún Bàbá. Ọ̀gá Àjàlá wọ ẹ̀wù kóòtù òyìnbó nínú ooru yẹn, òógùn ń kán sí i lórí ìwé. Ìyá Àpọ́nlé dúró. Ètè rẹ̀ ti gbẹ. Orúkọ rẹ̀ tí wọ́n pè, Mùíbátù, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àfi bí mo ṣe rí i lórí ìwé.

Ó sọ tirẹ̀ ní ṣókí. Òun kò bá onílẹ̀ jà nítorí ilẹ̀. Wọ́n ka òfin mẹ́fà fún òun, òun pa mẹ́fà mọ́, kí wọ́n wá sọ èyí tí òun rú. Ọ̀gá Àjàlá gbé ìwé náà sókè, ó tọ́ka sí ibi tí obìnrin náà tẹ̀ka sí, ó tọ́ka sí orúkọ mi.

Wọ́n fi Bíbélì búra fún mi. Adájọ́ àgbà bi mí bóyá èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo ní èmi ni. Ó bi mí bóyá mo kà á tán fún obìnrin yìí. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní pálọ̀ Bàbá, mo sì rí i pé ẹlẹ́ẹ̀kejì kò ní le tó ti àkọ́kọ́. N kò tíì sọ ọ́ nígbà tó tún ní, "Ka òfin kẹsàn-án fún wa, bó o ṣe kà á fún un lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́."

Mo mọ̀ ọ́n lórí báyìí. N kò nílò ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀: "Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe ìsìn mìíràn..." Mo wá ṣèèṣì wo Ìyá Àpọ́nlé. Kò wò mí bí ẹni tó fẹ́ bú mi. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbọ́, bí ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ gbàgbé ọ̀kan nínú rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ mẹ́fà nìyẹn. Òfin tí wọ́n ń torí ẹ̀ lé e jáde, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ nìyí.

Mo dákẹ́. Adájọ́ ní kí n máa bá a lọ.

Mo ní, "N kò kà á fún wọn. Mẹ́fà ni mo kà."

"Kí ló dé?"

"Kò yé mi, sà. Èdè òyìnbó náà ló le jù fún mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, títí dé ẹ̀yìn. Akọ̀wé kóòtù ní kí n tún un sọ kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún un sọ. Ó fi èdè òyìnbó kọ ọ́ pé n kò gbọ́ èdè òyìnbó, ó sì ní kí n fọwọ́ sí i.

Adájọ́ àgbà ní ìka kò mú ẹni lórí ohun tí etí kò gbọ́. Lẹ́tà náà ti ṣubú. Ṣùgbọ́n ó ní Bàbá ló ni ilẹ̀, kóòtù kò sì lè sọ fún un irú ìlú tí yóò fi ilẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ dó. Kó lọ ka ìwé rẹ̀ tán fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá gbà, ó gbà. Ẹni tí kò bá gbà, kí Bàbá san owó ilé tó kọ́, kó fún un láyè títí yóò fi kó ẹrù rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò yọ̀. Bàbá dìde, wọ́n tẹrí ba fún àwọn adájọ́. Ní ìta, Ìyá Àpọ́nlé kọjá lẹ́bàá mi. Kò dúpẹ́. Ó ní, "Ó pẹ́ kó tó jáde," ó sì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Mo fẹsẹ̀ rìn padà. Kò sẹ́ni tó ní kí n má wọ lọ́rì. N kò kàn lè jókòó tì wọ́n ni.

Ọjọ́bọ̀, 28

Bàbá pè mí. Wọn kò ní kí n jókòó.

"Ní pálọ̀ yìí, o ní o kà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o lè sọ òótọ́ níwájú gbogbo ayé, tí o kò lè sọ ọ́ níwájú èmi nìkan?"

Mo mọ èsì rẹ̀. Torí pé ẹ̀yin lẹ ń san owó ilé ìwé mi ni. Torí pé ibùsùn mi wà lórí ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n dárí jì mí.

Wọ́n ní wọn kò fẹ́ ẹnikẹ́ni tí ẹ̀tàn mú wọ Ìtẹ́dó. Kí n túmọ̀ òfin mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kí n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ti san owó mi títí di oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn ìyẹn wọn yóò rò ó.

Àbámẹ́ta, 30

Mo ń túmọ̀ láti àárọ̀. Òfin ìkọkànlá ń da orí mi rú. Mo gbójú, mo lọ bi Ọ̀gá Àjàlá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní lọ́yà kan ní Èkó ló kọ ọ́, kí n kọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo wá tijú pé inú mi dùn.

Àìkú, 1 oṣù Keje

Mo kà á. Ohùn mi kò dára, ṣùgbọ́n mo kà á tán.

Mo rò pé ìkẹsàn-án ni yóò dá ìjà sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kà á, àwọn kan ṣe àmín. Ìkẹwàá ni wọ́n kùn sí, èyí tó ní àlejò kò gbọ́dọ̀ sùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láìgbàṣẹ. Ọkùnrin kan bèèrè bóyá ìyá ìyàwó òun jẹ́ àlejò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, wọ́n tò, wọ́n ń tẹ̀ka. Kò sẹ́ni tó fà sẹ́yìn. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí mo fi pamọ́ fún wọn fún oṣù mẹ́fà kò tó nǹkan lójú ọ̀pọ̀ wọn. Òfin náà wù wọ́n, ìdí tí wọ́n fi wá nìyẹn.

Ìyá Àpọ́nlé dúró títí ìlà fi tán. Ó ní kí n tún ìkẹsàn-án kà. Mo tún un kà, díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ó yé mi." Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ sílé. Kò tẹ̀ka.

Ọjọ́rú, 4

Mo tẹ̀lé Bàbá lọ sílé Ìyá Àpọ́nlé láti kọ iye fèrèsé, ìlẹ̀kùn àti páànù òrùlé sílẹ̀. Bàbá ní kí n dúró ná. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí Ìyá Àpọ́nlé máa ń jókòó lé ṣa ẹyìn.

"Ìyá Àpọ́nlé, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó pa òfin mi mọ́ tó ọ. Àtàn kò jìnnà. Bí o bá lè máa lọ kírun rẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ sọ nǹkan kan."

"Nígbà márùn-ún lójúmọ́, Bàbá?"

Bàbá ní, "Gbogbo ìlú yòókù ló gba ohun gbogbo. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́, tó jẹ́ ti Kírísítì nìkan, ojúde rẹ̀ àti yàrá rẹ̀. Owó mi ni mo fi rà á. Ṣé ó pọ̀ jù?"

"Kò pọ̀ jù. Ilẹ̀ yín ni. Ẹ ní kí n wá sí àdúrà yín, mo wá, mo jókòó, mo dákẹ́, kò sì pa mí lára. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ yàrá mi, tí mo ti ilẹ̀kùn, mo rò pé Ìtẹ́dó ti parí síbẹ̀ ni."

"Kò parí síbẹ̀."

"Mo ti wá mọ̀. Ká ní mo mọ̀ ní oṣù Kìíní, n kì bá ti gbé bíríkì kan lé èkejì."

Bàbá wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Iye tí Láwàlì sọ ni Bàbá san, wọn kò já kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 7

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí àná. Àárọ̀ yìí ni Ìyá Àpọ́nlé kó lọ. Bí agogo ṣe lù, ó wá sí àdúrà, ó jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ó sì lọ di ẹrù. Kò pọn dandan kó wá mọ́.

Àwa mẹ́rin la bá a gbé àwọn ìkòkò epo sínú lọ́rì. Àpọ́nlé ń kọ orin ìsìn lórí ẹrù, ẹsẹ kẹta ló ń tún kọ. Ìyá rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Láwàlì ní, "Mùíbátù, ọmọ rẹ ti di pásítọ̀." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Ó dùn létí."

Ọmọ́lẹ́yẹ ní mo rí i pé ayé kò parí. Lóòótọ́, kò parí. A ti ń lọ ra epo ní Àtàn, ó sì fi tọ́rọ́ wọ́n ju ti Ìyá Àpọ́nlé lọ.

Ìṣẹ́gun, 17

Ọkùnrin kan dé láti Ọ̀tà lónìí láti gba ilé Ìyá Àpọ́nlé. Bíríkìlà ni. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wó yàrá tí wọ́n ń gbé, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Ilé ìdáná ẹlòmíràn ni wọ́n ń sùn sí. Ọ̀gá Àjàlá ní kí n ka ìwé fún un. Mo bi í lórúkọ kí n lè kọ ọ́ sókè. Ó ní Sírájúdéènì.

Mo ka òfin kìíní. Mo ka èkejì. Ó ti na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Mo ní kó fara balẹ̀, ó ku mẹ́sàn-án. Ó ní kò sí wàhálà, ó fà á padà, ó ń wo òrùlé lẹ́yìn mi. Mo kà á lọ. Nígbà tí mo dé ìkẹsàn-án, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ọ̀rọ̀ ara mi ṣàlàyé rẹ̀: pé kò ní lè kírun níbí, kódà nínú yàrá rẹ̀, kódà bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Mo bi í bóyá ó yé e.

Ó ní ó yé òun. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù ń wúkọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Mo ka ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Mo ní bó bá ní ohun tó fẹ́ béèrè, kó béèrè.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé ilé yẹn kì í jò?"

Mo ní kì í jò.

Ó tẹ̀ka. Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé mo kà á tán pátápátá, mo túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e.